Wákàtí Tí Mo Tú Kúrò Létí Ìborùn

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni iṣẹ́ méjì wá bá mi, èmi tí mo ti rò pé iṣẹ́ ti gbàgbé mi. Ọ̀kan wà ní Zone 4, ní Àbíjàn níbí: wọn á máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù, wọn á sì fún mi ní yàrá. Èkejì wà ní Riviera: wákàtí ni wọn á máa kà níbẹ̀. Iye wákàtí tí mo bá lò ni iye tí n ó gbà. Ọjọ́ tí n kò bá lọ, kò sí nǹkan kan. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo bí ìyá òun. Mo ní rárá o, iṣẹ́ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ sọ. Mo ti yan ọ̀kan, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sọ pé orí mi ò pé nígbà tí mo yàn án.

Koumassi ni mò ń gbé, nínú ọgbà kan tí ìdílé mẹ́sàn-án ti jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi kó débẹ̀, márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ló jẹ́ ará Ìgbòho àti Ṣakí. Tí o bá wúkọ́ lórí ẹní rẹ, ẹnu mẹ́rin ló máa ṣe ọ́ ní pẹ̀lẹ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Ọkọ mi kú. Àwọn kan padà sílé lọ jókòó sínú ilé tí wọ́n kọ́, àwọn ọmọ wá kó àwọn mìíràn lọ. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń bá mi dirun, lọ lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ èṣí. Ó ní òun kàn fẹ́ lọ fojú kan ẹ̀gbọ́n òun ni. Kò padà mọ́. Àwọn tó ń gbé inú yàrá wọn báyìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n á kí mi ní Faransé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà obìnrin, "Bonjour, la vieille," èmi náà á dá wọn lóhùn, ó parí. Àwọn ọmọ mi wà, ọ̀kan ní Bouaké, ọ̀kan ní Kútọnu, wọ́n ń pè mí lórí fóònù, wọ́n ń fi nǹkan ránṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ wọn bá dẹ̀. Ìwọ tó ń kọ ọ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ rẹ ní Bingerville kì í jẹ́ kí n rí ọ ju ọjọ́ Àìkú lọ. Mi ò dá ọ lẹ́bi.

Lọ́jọ́ kan mo lọ sọ́jà láti ra asẹ́, èyí tí mo fi ń sẹ́ ògì. Mo dé iwájú obìnrin tó ń tà á, mo nawọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ò wá. "Tamis" tí àwọn Faransé ń pè é nìkan ló wá sí mi lẹ́nu. Mo rà á, mo gbé e dání, mo ń lọ, mo ń wá orúkọ rẹ̀ ní èdè mi bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ ilé nù sínú koríko. Láyé àtijọ́, n bá kàn ké sí yàrá kejì pé, "Ẹ gbà mí o, kí là ń pe nǹkan yìí?" Wọn ì bá fi mí ṣẹlẹ́yà títí dìgbà tí ògì náà á fi kan. Ọjọ́ kẹta ni "asẹ́" tó dé, níbi tí mo ti ń ṣe àlùwàlá. Mo pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rù tó bà mí ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn ju èyí tó bà mí lọ lọ́jọ́ tí wọ́n wó ìsọ̀ tí mo ti ń ta abọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí dé. Mo wà ní ilé oògùn kan ní Treichville, mo tò sẹ́yìn àwọn èèyàn, mo ń bá ọmọ mi ti Kútọnu sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ mọ bí àwa àgbà ṣe ń ṣe é, à ń pariwo bí ẹni pé fóònù ò sí, pé ẹnu wa ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà débẹ̀. Obìnrin kan yíjú padà wò mí. Aṣọ ọ́fíìsì ló wọ̀. Mo rò pé ariwo mi ló dí i lọ́wọ́, mo sì rẹ ohùn sílẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀. "Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi ìyá mi. Èmi, mo ń gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n sọ dáadáa. Vous voyez?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Ta ni ìyá rẹ?"

Ó ṣàlàyé, ìdajì ní Faransé, ìdajì ní tiwa. Ará Kétu ni wọ́n, ní ilẹ̀ Benin. Bàbá ìyá rẹ̀ ló wá ṣe akọ̀wé fún àwọn òyìnbó ní Bingerville. Ìyá náà di olùkọ́, ó sì fi Faransé kọ́ ọmọ àwọn ará ibí yìí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Faransé ló kọ́kọ́ lọ. Gbogbo Faransé tó fi jẹun láyé bọ́ kúrò lára rẹ̀, ó wá ku Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nìkan. Ó ń sọ ọ́ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó ń dá a lóhùn.

"Mo fẹ́ kí ẹ wá máa bá a sọ̀rọ̀," ni obìnrin náà wí. "Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́. N ó máa san án à l'heure, wákàtí wákàtí."

"O fẹ́ san owó kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá bá a sọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ta ló ń sanwó ọ̀rọ̀?"

Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé oògùn lọ́wọ́ mi, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ìyàwó oníṣòwò kan, ará ìlú wa, wá bá mi nílé. Ọkọ rẹ̀ ní ilé ẹrù ní Zone 4, ike àti bàsíà tí wọ́n ń kó láti òkè òkun ló kún inú rẹ̀.

"Alájà, ìjókòó ni iṣẹ́ yìí," ó ní. Mi ò dé Mẹ́kà rí o. Ní Àbíjàn níbí, tí o bá ti dàgbà tí ìborùn rẹ sì mọ́, Alájà ni ọ́. "Ẹ ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó máa wo àwọn tó ń kó ẹrù jáde. Èèyàn wa ni mo fẹ́, ẹni tí kò ní bá wọn jí i. Yàrá wà lẹ́yìn, balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Tí oṣù bá ti parí, owó yín dé. Tí ara yín ò bá yá, àwa la ó gbé yín lọ sílé ìwòsàn."

"Ta ni yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi?"

"Ẹrù ni," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹrù kì í bínú síni, Alájà. Ẹ fún mi lésì ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o, àwọn méjì mìíràn ti ń bẹ̀ mí."

Ẹni tí orí rẹ̀ pé kò yẹ kó ro ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Owó ilé ń lọ sókè ní Koumassi, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, àwọn ọmọ mi sì ní ọmọ tiwọn tí wọ́n ń gbọ́ bùkátà wọn. Oṣù, tí o bá sùn, ó ń lọ fún ọ. Tí o bá ń ṣàìsàn, ó ń lọ fún ọ. Wákàtí kò rí bẹ́ẹ̀. Tí o kò bá sí níbẹ̀, òun náà kò sí. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Síbẹ̀ mo ní kí ẹnìkan bá mi tẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé oògùn. Mo sọ fún ara mi pé n ó kàn lọ wò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí Jímọ̀ tó pé.

Lọ́jọ́ Ajé mo wọ gbáká, ọkọ̀ akérò wa tó máa ń ta gìjà lójú pópó, mo tún wọ takisí, mo dé Riviera. Obìnrin tó ń se oúnjẹ nílé náà ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ẹni bí àádọ́ta ọdún, ará Bouaké, Faransé ló ń bá mi sọ. Ìyá náà jókòó létí fèrèsé, ó rí tín-ín-rín, irun rẹ̀ funfun, wọ́n ti gé e mọ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó jù mí lọ. Mo kúnlẹ̀ torí ilé rẹ̀ ni.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

Ó yíjú. Ó wò mí pẹ́.

"Káàárọ̀ o," ó ní. "Ṣé dáadáa lo jí? Ilé ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́? Ṣé òjò ò pa ọ́? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tó ń wúkọ́, ṣé ó ti sàn?"

Mi ò ní ọmọ tó ń wúkọ́. Mo ní ó ti sàn, a dúpẹ́. Ó tún kí mi kú ìrìn, ó kí mi kú ogbó, ó kí mi kú ináwó tí mi ò mọ ìgbà tí mo ná an. Mò ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, orúnkún ń dùn mí, mi ò fẹ́ kó tán. Ó ń kí mi bí ẹni tí ebi kíkí ti ń pa láti ọdún méjì.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìgbòho ni mà."

"Ìgbòho!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń fa omi kànga!"

"Ẹ̀yin ará Kétu ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé ìdajì rẹ̀ mì kí ẹnikẹ́ni má bàa bá yín jẹ níbẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi há a lọ́fun. Alásè sáré jáde tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. "Ah! Mémé rit?" ó ń bi mí pé ṣé ìyá ló ń rẹ́rìn-ín, bíi pé èmi ni mo fi nǹkan sínú omi rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò mọ̀ mí mọ́. Mo tún kúnlẹ̀. Ó tún kí mi, ó tún bi mí léèrè ọmọ tó ń wúkọ́, ó tún gbọ́ Ìgbòho, ó pàtẹ́wọ́, ó bú mi, mo bú u padà, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín àná. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní àbúrò bàbá òun ni mí, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa ìyá òun tó fẹ́ lu òun. Lọ́jọ́ kẹrin, alágbàfọ̀ ni mí, aṣọ rẹ̀ kan ni mo gbé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí òun.

"Aṣọ mi aláwọ̀ ojú ọ̀run dà? Olè ojú ọ̀sán! Ojú rẹ ń dán, o ti tà á!"

"Ẹ má bínú mà, mo ṣì ń sá a ni."

"O ń sá a! Láti ìgbà wo? Oòrùn wo ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, onírọ́ ẹnu?"

Gbogbo òwúrọ̀ ló fi bú mi. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bú mi ní Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ wákàtí wá kù. Mi ò mọ aago wò. Ìwọ ọmọ ọmọ mi lo ṣe fóònù mi kí ó máa dún nígbà tí wákàtí kọ̀ọ̀kan bá pé. Bí ó bá ti dún, mo ta kókó kan sí etí ìborùn mi. Ọjọ́ mẹ́rin, kókó méjìlá. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, alásè ní ọ̀gá òun ti ń bọ̀, pé yóò béèrè iye wákàtí tí mo lò. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé etí ìborùn sórí itan, mo ń wò ó. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí.

Ẹni tó bá wọlé tọ èèyàn lọ, ṣé kò ní kí onílé ni? Òwúrọ̀ mẹ́ta la fi kíra wa, kò sì sí ọjọ́ tí kò gba nǹkan bíi wákàtí kan. Mo tú kókó mẹ́ta. Wọ́n fún mi ní ìrẹsì jẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jókòó jẹ ẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ bí àlejò. Mo tú méjì. Ti òní ńkọ́? Òun ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀, èébú ni mo kàn jókòó gbà. Ta ló ń gbowó èébú? Mo tú mẹ́ta. Kókó mẹ́rin ló kù.

Obìnrin aláṣọ ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà. "Mama, wákàtí mélòó?"

"Mẹ́rin ni."

"Quatre?" Ojú rẹ̀ yí padà, ó bọ́ sínú Faransé. "Ọjọ́ mẹ́rin, wákàtí mẹ́rin? Mo ní mẹ́ta lójúmọ́, Mama! Ẹ kàn ń wọlé, ẹ ń jókòó díẹ̀, ẹ ń lọ? Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́, mò ń rò pé ẹnìkan wà pẹ̀lú ìyá mi."

Tí mo bá ṣàlàyé, á dà bíi pé mò ń tọrọ owó kún owó. Alásè ló jáde láti ilé ìdáná, ó ní irọ́ ni, pé kí òun tó gé àlùbọ́sà ni mo ti máa ń dé, pé tí ìrẹsì bá ti jinná tán ni mo máa ń lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Òun fúnra rẹ̀ ló ní mẹ́rin." Àwọn méjèèjì wá ń wò mí.

Ni mo bá fi etí ìborùn hàn án, ibi tí aṣọ ti ká kọ́lọ́kọ́lọ́ níbi tí kókó ti wà rí. Mo ka èyí tó jẹ́ ti kíkí, mo ka ti oúnjẹ, mo ka ti èébú.

Ó fọwọ́ kan ibi tí kókó ti wà. "Ẹ yọ kíkí kúrò?"

"Kíkí kì í ṣe iṣẹ́, ọmọ mi."

"Mama, kíkí yẹn ni mò ń sanwó fún!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì rẹ̀. "Kíkí yẹn ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Tí mo bá ti ní 'ẹ káàárọ̀', ó ti tán lẹ́nu mi. Ìyá mi á máa wò mí. Lójoojúmọ́ ló ń wò mí báyìí, ó ń dúró de ìyókù, mi ò ní ìyókù."

Ó ń sunkún. Mo fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, mo ní ó tó. Nígbà tó dákẹ́, mo rí i pé àyè ti ṣí, mo bá béèrè ohun tó wà nínú mi láti ọjọ́ Ajé.

"Jẹ́ kó di oṣooṣù nígbà náà. Àwọn kan ń fi oṣù lọ̀ mí, ọ̀la ni wọ́n ń retí èsì. Tí ìwọ náà bá sọ ọ́ di oṣù, n kò ní lọ."

Ó mi orí. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ìyá ti ń tòògbé létí fèrèsé, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ló fi sọ ọ́, tí ìyá ò sì gbọ́ Faransé mọ́. Ó ní dókítà ti bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò lè dúró kí òun máa ka oṣù fún ìyá òun. Wákàtí ni òun lè kà. Tí ọ̀kan bá ti lọ, òun á tún san òmíràn.

Mo gbọ́ ohun tó sọ, mo sì gbọ́ èyí tí kò sọ. Ọjọ́ tí ìyá yẹn bá lọ, iṣẹ́ mi lọ, kò sí oṣù tí yóò gbà mí dúró.

Ní Jímọ̀, mo lọ sí Zone 4. Ìyàwó oníṣòwò ní kí n kọ́kọ́ jókòó wò ó títí di àkókò ìrun. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó lọ. Mo wo yàrá ẹ̀yìn. N kò ní purọ́, yàrá náà dára. Balùwẹ̀ rẹ̀ funfun, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, fèrèsé kan wà tó kọjú sí ògiri. Mo fọwọ́ tẹ ibùsùn, ó rọ̀, ó gbé ọwọ́ mi padà sókè. Mo jókòó sórí rẹ̀. Mo rí ara mi tí mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀ tí n kò ronú owó ilé.

Mo tún lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Páálí gòkè dé àjà lọ́tùn-ún, ó gòkè dé àjà lósì. Àwọn géńdé ń wọlé, wọ́n ń gbé e jáde. "La vieille, on dit quoi?" Wọ́n ń bi mí bí nǹkan ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n kí n tó ro èsì, wọ́n ti wà lójú títì. Mo gbìyànjú. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọ̀kan ní, "Merci." Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àyàfi ìró bàtà wọn. Nígbà tí ìyàwó oníṣòwò fi padà dé, ẹnu mi ti gbẹ, mo ní láti wú ikọ́ kí ohùn tó jáde.

"Ó tẹ́ yín lọ́rùn, àbí?"

"Ó dára gan-an. Mi ò ní ṣe é."

Ó rò pé mò ń ṣeré. Nígbà tí mo sọ ibi tí mò ń lọ fún un, ó káwọ́ lérí. "Alájà! Ẹ ó fi oṣù sílẹ̀ nítorí wákàtí? Nítorí arúgbó tí kò mọ̀ yín?"

"Kò mọ̀ mí lóòótọ́."

"Tó bá kú lọ́la ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ó kú lọ́la nìyẹn."

"Ẹ má padà wá bẹ̀ mí o! Mo sọ ọ́ níṣojú ẹrù yìí."

"Mi ò ní padà wá bẹ̀ ọ́, ìyàwó."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó fa bàsíà pupa kan yọ nínú páálí, ó fún mi, ó ní òun ò lè jẹ́ kí àgbà ìlú òun lọ lọ́wọ́ òfo. Bàsíà yẹn ni mo gbé sórí itan nínú gbáká. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn, mo ń bi ara mi pé, kí ni mo ṣe yìí, kí ni mo ṣe yìí.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo dé Riviera ní àkókò. Ìyá ń sùn. Alásè ní dókítà ti yí oògùn rẹ̀ padà, pé oorun pọ̀ nínú èyí. Mo kúnlẹ̀ níwájú ibùsùn, mo kí i, mo dúró, kò sí ìdáhùn. Mo jókòó tì í. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀kejì, kò jí. Nínú wákàtí méjì yẹn, ilé náà dákẹ́ bíi ti Zone 4, ó ku ìmí rẹ̀ nìkan.

Ó ń rí bẹ́ẹ̀ báyìí. Nínú ọjọ́ márùn-ún, ó lè jí ní méjì. Lọ́jọ́ tó bá jí, a ń bú ara wa. Lọ́jọ́ tí kò bá jí, èmi nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé yẹn tó kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀, kí fóònù tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i pé mo ti ń sọ̀rọ̀. Mò ń sọ fún un bí yàrá yẹn ṣe rí, bí ibùsùn rẹ̀ ṣe rọ̀, bí fèrèsé rẹ̀ ṣe kọjú sí ògiri. Mò ń sọ fún un pé mo ti fi yàrá náà sílẹ̀, pé mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe é re.

Alásè yọjú. "Mama, elle dort," ó ní. Ó ń sùn.

Mo ní mo mọ̀. Mo fa àga sún mọ́ etí ìyá, mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.